Ilé Àtijọ́ Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà ní Ìlọrin: Ẹ Yanjú Omi Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀dà

Ọ̀dà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń rà tí wọ́n bá ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé àtijọ́. Wọ́n á kun ún lóṣù Kejìlá, ilé á máa dán gbinrin, àlejò á máa kí wọn kú oríire. Nígbà tí òjò bá fi máa mú ilẹ̀ dáadáa lóṣù Kẹfà, ẹsẹ̀ ògiri á ti wú, ọ̀dà á máa hó kúrò bí awọ tí iná jó, wọ́n á sì ní akunlé ló bu omi lu ọ̀dà. Akunlé lè má mọwọ́ mẹsẹ̀. Omi inú ògiri ló ń ti ọ̀dà jáde.

Ilé méjì ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra ilé àtijọ́ lágbègbè yìí. Ọ̀kan ni ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, irú èyí tó kún Pàkátà, Òkèlele àti àárín ìlú Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Èkejì ni ilé búlọ́ọ̀kù onífèrèsé lúfà, irú ti GRA àti Adéwọlé. Ibi tí ìtọ́jú wọn bá ti yàtọ̀, a ó sọ ọ́. Ètò iṣẹ́ wọn ò yàtọ̀ ní tiẹ̀: òkè ṣáájú ìsàlẹ̀, ìta ṣáájú inú, ọ̀dà lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ ilé, òdòdó lẹ́yìn ọ̀dà.

Kí ẹ tó gbé òòlù

Ẹ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú ẹbí tó ta ilé náà fún yín. Ní àgbo ilé àtijọ́, wọ́n máa ń sin òkú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí yàrá tàbí sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ béèrè ibi tí sàréè wà, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ hàn yín, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí sínú ìwé. Bí alágbàṣe bá lọ fi díágà kan egungun baba oníbaba láàárọ̀ ọjọ́ kan, iṣẹ́ dúró nìyẹn, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n nípa pẹ̀rẹ́gún àti akòko tó wà létí ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Igi ààlà ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá hú u ti hú ẹ̀rí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, téèpù ìwọ̀n àti náílọ́ọ̀nù funfun díẹ̀ dání, kí ẹ yẹ ilé wò báyìí:

1. Ní agogo méjìlá ọ̀sán tí oòrùn mú, ẹ gun inú àjà, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí ẹ pa tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọjú nínú páànù bí ìràwọ̀ ni òjò ń gbà wọlé. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi tó sún mọ́ ọn. Igi ni kí ẹ máa tẹ̀, ẹ má tẹ síìlì.

2. Ẹ fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé, férémù ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé, pàápàá níbi tí wọ́n ti fara kan ògiri. Igi tó le kì í gba ọ̀bẹ. Igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ máa gbe ọ̀bẹ mì bí ẹní gún búrẹ́dì.

3. Ẹ fi egungun ìka kan ògiri yíká. Níbi tó bá dún bí akèrègbè òfìfo, sìmẹ́ńtì ti ṣí kúrò lára amọ̀ tàbí búlọ́ọ̀kù. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i po.

4. Ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú-lóròó, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, kí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì pinpin, kí ẹ fi í sílẹ̀ tọ̀sántòru. Tí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ojú rẹ̀ tó kọ sí yàrá ló tutù, ooru inú yàrá ni. Fèrèsé tó ń gba atẹ́gùn ni oògùn ìyẹn.

5. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí orí ibi tí gbogbo sísán ògiri pin sí, kí ẹ kọ déètì síbẹ̀. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn oṣù méjì. Sísán tín-tín bí irun tí kò kúrò lójú kan kò léwu. Èyí tó bá ń gùn sí i, tàbí tó la igun fèrèsé kọjá ní dágẹrẹ tí ìdajì sẹ̀ǹtímítà sì wọ inú rẹ̀, ẹ pe ẹnjiníà. Ẹ má pe bíríkìlà.

Tí ẹ bá ra ilé lásìkò òjò, ẹ má kánjú. Oṣù Kẹsàn-án, tí òjò sábà máa ń pọ̀ jù ní Ìlọrin, máa fi ibi tí ilé ń jò hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Òrùlé

Páànù tó bá jẹ́ ojú ìṣó nìkan ló ń jò, ẹ yọ ìṣó àtijọ́, kí ẹ fi ìṣó páànù tó nípọn ju tàkọ́kọ́ lọ rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà nídìí. Orí gegele páànù ni ìṣó ń wọ̀. Káfíńtà tó bá kàn án sínú kòtò páànù ti gbẹ́ kànga fún yín sórí àjà, torí inú kòtò yẹn ni gbogbo omi ń gbà lọ. Páànù tí ìpẹtà ti jẹ débi pé ìka lè lu ú já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dà títì tí wọ́n ń fi dí i kì í ju òjò ọdún kan lọ. Oòrùn oṣù Kẹta máa yọ́ ọ, á sì là.

Tí ẹ bá fẹ́ fi alumíníọ̀mù ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ ra 0.55 mìlímítà. Oní-0.45 náà wà lọ́jà, ó sì dín lówó, àmọ́ ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò tètè ń ká a. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lórí èyí: ẹ mú irin ìwọ̀n lọ síbi tí wọ́n ti ń gé e. Ẹ má sì fi alumíníọ̀mù àti páànù onípẹtà sí orí ilé kan náà. Omi ìpẹtà tó bá ń ṣàn gba orí alumíníọ̀mù máa jẹ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1989 ní síìlì asbestos. Tó bá ṣì le, tí kò fọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹ kun ún lọ́dà. Eruku rẹ̀ ló léwu, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má fi sáńpépà fọ̀ ọ́, ẹ má sì gbá àfọ́kù rẹ̀ ní gbígbẹ. Tó bá di dandan kí ó kúrò, ẹ wọ́n omi sí i títí tó fi rin, ẹ yọ ìṣó kí odindi páálí sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi náílọ́ọ̀nù tó nípọn dì í lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga. Àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dí imú pẹ̀lú ìbòmú tó ń sẹ́ eruku. Aṣọ lásán kò tó.

Omi ẹsẹ̀ ògiri

Lẹ́yìn òrùlé, ibí yìí ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: òjò tó bá ga ní 30 mìlímítà lórí òrùlé tó gba ilẹ̀ mítà 10 sí 10, 3,000 lítà omi ni. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà ọgọ́fà ni wọ́n dà sí ìdí ògiri yín láàárín wákàtí kan. Ibo ló gbà lọ?

Nínú ilé àtijọ́, ó máa ń gba inú ògiri lọ, nítorí pé ilẹ̀ ìta ti ga ju ojú ilẹ̀ inú ilé lọ. Kì í ṣe pé ilé rì. Ọdún dé ọdún ni wọ́n ń da yanrìn àti pàǹtí sí iwájú ilé, tí katakata sì ń gbé títì ga sí i. Púpọ̀ nínú àwọn ilé yìí kò sì ní náílọ́ọ̀nù lábẹ́ ògiri tí yóò dí omi lọ́nà. Ògiri ń fà á sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo.

Ẹ ṣe é báyìí:

Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láti rí bí ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó. Ìpìlẹ̀ ilé alámọ̀ lè má ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wa ilẹ̀ ìta sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi rẹlẹ̀ ju ojú ilẹ̀ inú ilé lọ ní íńṣì mẹ́fà, kí ibi tí ẹ bá wa fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yíká. Tó bá jẹ́ ilé alámọ̀, ẹ má wa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wa ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ẹ fo mẹ́rin, kí ẹ padà sí èyí tí ẹ fò lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí ti àkọ́kọ́. Ẹ má sì débi ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ láéláé. Ògiri amọ̀ tó ti rin, tí wọ́n wá tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀ lójú ọjọ́ kan, máa ń jókòó ni, tàbí kó wó.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà dagẹrẹ kúrò lára ilé: íńṣì mẹ́ta láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹ fi ọmọ odó onírin gún un kó ki. Fún ilé búlọ́ọ̀kù, ẹ da kọnkéré yíká ilé, kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kó nípọn ní íńṣì mẹ́ta, ìwọ̀n kan sìmẹ́ńtì, méjì yanrìn, mẹ́rin òkúta wẹ́wẹ́. Kí ẹ fi ọ̀dà títì dí àárín kọnkéré náà àti ògiri. Bí ẹ bá gbàgbé ìlà tín-tín yẹn, ibẹ̀ gan-an ni omi máa gbà, iṣẹ́ yín á sì di ọ̀nà tí ẹ là fún un.

Fún ilé alámọ̀, ẹ má da kọnkéré lé ògiri lára. Ọ̀rinrin tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ò ní rí ibòmíì gbà ju inú amọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ bàtà kan àkọ́kọ́ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ lásán tí ilẹ̀ ti lè mí, kí gọ́tà wá tẹ̀ lé e níbi tí omi òrùlé ń kán sí gan-an. Gọ́tà tó fẹ̀ ní íńṣì mẹ́sàn-án tó fún ilé tí kò tóbi. Ojú gọ́tà ìjọba ni kí ẹ darí rẹ̀ sí, ẹ má darí rẹ̀ sí àgbàlá aládùúgbò. Ẹjọ́ omi wà lára ohun tó ń yí alábàágbé padà di ọ̀tá.

Ẹ tún yẹ páìpù àti súkàwé wò. Tí ẹsẹ̀ ògiri kan ṣoṣo bá tutù nínú ọyẹ́, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ gbẹ tán, kì í ṣe omi òjò. Páìpù ló já lábẹ́ ilẹ̀.

Tí ẹ bá ti lé omi jáde, ẹ fi síséẹ́lì já sìmẹ́ńtì tó ti rin kúrò títí yóò fi ga ju àpá ọ̀rinrin lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ wá fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ fi sílẹ̀ láti oṣù Kọkànlá di oṣù Kejì. Kò sí ẹ̀rọ tó gbẹ ògiri bí ọyẹ́. Lásìkò yìí, ìyẹ̀fun funfun kan máa yọ lójú ògiri. Iyọ̀ ilẹ̀ ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, torí omi máa yọ́ ọ padà sínú ògiri, ó sì máa jáde lẹ́yìn tí ẹ bá kun ọ̀dà tán.

Ikán

Ọ̀nà amọ̀ tín-tín tó ń gun ògiri, ìyẹ́ èsúnsún tó kún ojú fèrèsé lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò, igi tó ń dún gbọ̀n-ìn: ikán nìyẹn. Ẹ má kàn gbá ọ̀nà náà kúrò. Ẹ tẹ̀ lé e dé ibi tó ti wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kùkùté igi tí wọ́n gé tí wọn ò hú, tàbí páákó tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, ló ń bọ́ wọn. Ẹ hú u.

Ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó sì jìn ní íńṣì mẹ́fà yíká ilé, kí ẹ po oògùn ikán bí ara ike rẹ̀ ṣe wí, kí ẹ da lítà márùn-ún sí mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó yẹ̀pẹ̀ padà bò ó. Ìtòsí kànga ò gba oògùn rárá. Kí ẹ ṣe èyí kí kọnkéré ìta tó délẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa tún lu ú. Igi tuntun tó ń lọ sí òrùlé, ẹ fi Solignum, oògùn tó ń lé ikán kúrò lára igi, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ má gbàgbé orí igi níbi tí ayùn ti gé e, ibẹ̀ ni ikán fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ káfíńtà á ní kí ẹ ra ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́mù torí ó pọ̀, kò sì wọ́n. Ẹ má gbà. Ó máa ń kán sórí síìlì nígbà ooru, àbàwọ́n rẹ̀ kò sì sí ọ̀dà tó bò ó.

Ilẹ̀kùn ìrókò àtijọ́ tí ẹ bá bá nínú ilé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ilẹ̀kùn tuntun tàn yín. Ikán kì í tètè ràn án. Ẹ bó ọ̀dà ara rẹ̀, ẹ fi sáńpépà fọ̀ ọ́, ẹ kùn ún ní fánííṣì.

Wáyà àti páìpù

Gbogbo ohun tó máa gba inú ògiri kọjá gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Wáyà tí rọ́bà rẹ̀ bá ti ń gbó, tó ń ṣẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ fà á jáde. 1.5 mìlímítà ni ti gílóòbù, 2.5 ni ti ibi tí wọ́n ń ki nǹkan bọ̀, 4 ni ti ẹ̀rọ amúlétutù. Ilé àtijọ́ púpọ̀ ò ní wáyà ilẹ̀ (earth) rárá, ẹ ní kí oníná rì irin rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ibi tó máa ń tutù. Nínú ògiri amọ̀, ẹ má gbẹ́ ojú ògiri jinlẹ̀ torí wáyà. Páìpù tó gba ojú ògiri kọjá kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ògiri yín á dúró.

Rírẹ́ ògiri

Amọ̀ máa ń wú tí ó bá rin, á sún kì tí ó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pínyà, tí sìmẹ́ńtì á sì já bọ́ ní odindi bí èèpo ẹ̀yìn igi. Bí sìmẹ́ńtì bá ṣe pọ̀ tó nínú àpòpọ̀ ni ìpínyà náà á ṣe yá tó. Bíríkìlà tó bá ní òun fẹ́ ṣe é “kó le dáadáa” lórí ògiri amọ̀, ẹ dá a dúró.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ yanrìn wò. Ẹ rọ ọ́ dé ìdajì ìgò, ẹ bu omi kún un, ẹ mì ín, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ tó bá sùn sórí yanrìn kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá yanrìn náà lọ. Tó bá jù ú lọ, ẹ dá típà padà, kí ó tó já ẹrù ni o.

Fún ògiri búlọ́ọ̀kù àti ojú ìta ilé alámọ̀, àpò sìmẹ́ńtì kan sí bárò yanrìn mẹ́ta. Àpò kan máa rẹ́ ojú ògiri tó nǹkan bíi mítà 5 sí 2, tó bá nípọn ní ìdajì íńṣì tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Fún inú ilé alámọ̀, ilẹ̀ pupa tí wọ́n ti sẹ́ dára jù: àpò sìmẹ́ńtì kan sí bárò ilẹ̀ pupa márùn-ún. Ilẹ̀ pupa yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, torí náà ẹ dán an wò lójú ògiri ní abala méjì tàbí mẹ́ta, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú-lóròó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí kò sán ni kí ẹ lò.

Kí ó lè di ògiri amọ̀ mú níta, ẹ fi ìṣó íńṣì mẹ́ta kan nẹ́ẹ̀tì àgò adìẹ mọ́ ọn, ìṣó kan ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ́n omi sí ògiri, kó rin díẹ̀, kó má ṣàn. Ẹ rẹ́ àkọ́kọ́, ẹ fi ìṣó họ ojú rẹ̀ kó rí gbákugbàku, kí ẹ rẹ́ èkejì lọ́jọ́ kejì. Àfi kí ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tó tutù bò ó, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn máa fa omi jáde kí sìmẹ́ńtì tó mu ún tán, ojú ògiri á sì sán bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ. Èyí ni ìṣòro tó ń bá iṣẹ́ oṣù Kìíní rìn ní Ìlọrin. Bíríkìlà máa ń gba owó lọ lọ́jọ́ kejì, kò sì sẹ́ni tó kù tó máa wọ́n omi.

Ojú ilẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ẹ bá bá tẹ̀ráásò, ẹ háyà ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́, kí wọ́n dí ojú tó fọ́, kí wọ́n sì pólíìṣì rẹ̀. Ó pẹ́ ju táìsì lọ, ó sì tutù lẹ́sẹ̀ nígbà ooru. Tó bá jẹ́ táìsì lẹ fẹ́ lẹ̀ lé sìmẹ́ńtì àtijọ́, ẹ rántí pé ilẹ̀ á ga, ẹ máa gé ìsàlẹ̀ gbogbo ilẹ̀kùn.

Ọ̀dà

Sìmẹ́ńtì tuntun ní iná nínú, ó sì máa jó ọ̀dà. Ẹ fún un ní ọjọ́ 28. Lórí ògiri àtijọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Tí ọwọ́ yín bá funfun, ẹfun àtijọ́ ni, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ tẹ́ ẹ. Tó bá ń dán, ọ̀dà olóróró ni, ẹ fi sáńpépà họ ọ́ kí ẹ tó fi ẹ́múlṣọ̀n lé e. Ibi tí èéhù ti hù, ẹ po bílíìsì ìwọ̀n kan mọ́ omi mẹ́rin, ẹ fi kùn ún, ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́. Èéfín tó máa jáde lè pa èèyàn.

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ògiri rẹ̀ ga ní 10, tí wọ́n ti fi skrídìn pa ojú rẹ̀ mọ́: bọ́kẹ́ẹ̀tì 20 lítà kan máa kun yàrá méjì irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ògiri tí ojú rẹ̀ rí gbákugbàku máa mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkùn àkọ́kọ́ nìkan ló ń gba omi, lítà méjì sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pò ó.

Nípa àwọ̀: ilẹ̀ wa pupa, òjò sì máa ń ta á sára ògiri. Ilé tí wọ́n kun ní funfun délẹ̀ á ti wọ ṣòkòtò pupa kí oṣù Kẹjọ tó parí. Ẹ fi àwọ̀ amọ̀ pupa tàbí búráùn kun ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ìsàlẹ̀ ní ìta, kí ẹ wá fi àwọ̀ tó wù yín kun òkè. Ilẹ̀kùn àti irin fèrèsé, tí ó jẹ́ ọ̀dà olóróró, ẹ má kùn ún lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀, kí ẹ kùn ún ní kùtùkùtù.

Àgbàlá àti iwájú ilé

Ẹ má gé igi kankan lọ́dún àkọ́kọ́, àyàfi èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ ìpìlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lo oṣù Kẹta kan nínú ilé náà, ẹ ó wá mọ iye tí òjìji máńgòrò tó wà ní ìwọ̀ oòrùn tó. Odán ní tiẹ̀ kò yẹ nítòsí ilé. Gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi kiri, ó sì máa ń wọ súkàwé. Ẹni tó bá fẹ́ gbin máńgòrò tuntun, kó jìnnà sí ògiri tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà.

Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n má ri àfọ́kù sìmẹ́ńtì mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó yá ju kíkó o jáde lọ. Òdòdó tí ẹ bá gbìn lé e máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ ó sì máa da ajílẹ̀ sí i lásán.

Íńtálọ́ọ̀kì ti gbòde, ọ̀pọ̀ ń fi bo gbogbo àgbàlá. Ibi tí mọ́tò ń gbà àti ọ̀nà ẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi í sí. Àgbàlá tí wọ́n tẹ́ pátápátá ń gbóná bí àwo dídín, omi rẹ̀ kò sì ríbi rì sí. Èyí tó nípọn ní 60 mìlímítà tó fún mọ́tò ilé. Ohun tó ń mú kó rì níbi tí táyà ń tẹ̀ ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí wọn ò gún: ẹ yọ ilẹ̀ dúdú òkè kúrò, ẹ da ilẹ̀ pupa, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ gún un ní íńṣì mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ wá tẹ́ eruku òkúta íńṣì méjì kí búlọ́ọ̀kù tó dé. Ẹ fi kọnkéré mú etí rẹ̀ gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ṣí lọ láti ẹ̀gbẹ́.

Koríko: bàhámà ló lè fara da oṣù márùn-ún tí òjò kì í rọ̀ níbí. Káápẹ́ẹ̀tì dára lábẹ́ òjìji, tí omi bá wà. Kí ẹ tó gbin èyíkéyìí, ẹ tú ilẹ̀ ní íńṣì mẹ́fà, kí ẹ ṣa ẹ̀kan kúrò. Ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀: funfun ni, ó ní oríkèé bí ìrèké kékeré, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì lè gún ọwọ́. Oríkèé kan tó bá kù sílẹ̀ tó láti gba gbogbo ilẹ̀ náà padà, nítorí náà ọkọ́ nìkan ò tó, ọwọ́ ló ń ṣà á. Ẹ da ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta sí i. Tútù rẹ̀ máa jó gbòǹgbò, á sì hu èpò. Ẹ má gbìn nígbà àkọ́rọ̀ òjò oṣù Kẹrin, torí ó lè dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ dúró dìgbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, láti ìparí oṣù Karùn-ún wọ oṣù Kẹfà, kí ẹ gbin ìtàkùn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní íńṣì mẹ́fà síra.

Òdòdó kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ògiri ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Omi tí ẹ bá ń bu sí i lójoojúmọ́ máa da gbogbo iṣẹ́ ẹsẹ̀ ògiri nù. Èyí tó bá gbọ́dọ̀ wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, inú ìkòkò ni kó wà. Àwọn amọ̀kòkò Òkèlele ń mọ ìkòkò ńlá, ẹ sì lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n da ihò sí ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó sun ún. Tí ẹ bá fẹ́ dá a lu fúnra yín lẹ́yìn tó ti jóná, ó ṣeé ṣe kó là sí méjì.

Ní àgbo ilé, ewúrẹ́ aládùúgbò ló máa pinnu irú òdòdó tí ẹ ó gbìn. Ohun tó rọ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ kan ilẹ̀. Wọn kì í fẹnu kan lápálápá, ó sì dára fún ọgbà, àmọ́ májèlé ni èso rẹ̀, kò yẹ níbi tí ọmọdé ń ṣeré. Pẹ̀rẹ́gún ló bá ilé tọ́mọdé wà mu jù. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì, ẹ gbé e síbi òjìji fún ọjọ́ méjì kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, ẹ rì í ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà kan síra, kí ẹ rí i dájú pé òkè rẹ̀ ló wà lókè. Ẹ fi ẹ̀gún tàbí nẹ́ẹ̀tì yí i ká títí òjò ọdún yẹn yóò fi tán. Ẹ má sì máa fà á wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Ewé tuntun tó bá yọ lórí rẹ̀ ló máa sọ fún yín.